Ọkọ̀ Tí Kò Lè Dúró Kí Ènìyàn

Ẹsẹ̀ Ọmọ́rìnsọ́lá ni Ọlálérè kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fẹ̀yìn lé páálí, gírísì ti kùn ún dé ìgúnpá, nígbà tí bàtà pẹlẹbẹ kan wọ inú ọgbà mẹkáníìkì rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti bo àwọn ọmọ ìka inú bàtà náà bí àtíkè. Bàtà náà dúró. Orúnkún méjì tẹ̀ lé e, wọ́n kanlẹ̀ pẹ̀lẹ́ sórí ilẹ̀ tí epo ọkọ̀ ti sọ di dúdú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ni ohùn kan wí fún ẹsẹ̀ Ọlálérè tó yọ síta.

Bàbá kọ́ ni Ọlálérè. Kò tíì fẹ́yàwó, kò tíì bímọ, irùngbọ̀n rẹ̀ gan-an kò tíì pinnu bóyá òun yóò hù. Bámigbóyè tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà, àgbàlagbà tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ bọ́ sílẹ̀, ló bá a dáhùn.

"Bàbá ti gbọ́," ó ní. "Bàbá, ẹ jáde wá súre fọ́mọ."

Nígbà tí Ọlálérè wọ́ ara rẹ̀ jáde, tí ọmọbìnrin náà rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin bíi tòun lòun kúnlẹ̀ fún, Ọlálérè rò pé yóò bínú. Kò bínú. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dà bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan páànù.

"Kò burú," ó ní. "Ìkúnlẹ̀ kì í ṣòfò. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ pamọ́ títí ẹ ó fi dàgbà."

Ayé ìgbà náà dùn ún rántí. Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ya kúrò lára Oǹdó ni, a ṣì ń fi orúkọ ìpínlẹ̀ tuntun náà yangàn bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Bí o bá níṣẹ́ í rán sí ará Emùré láti Ìkẹ́rẹ́, awakọ̀ lo máa rán, kílẹ̀ tó ṣú èsì á ti padà dé, òun àti iyọ̀ tí awakọ̀ fi sí i lọ́nà. Ọkọ̀ kò pọ̀ lójú títì. Ẹni tó bá ní in, tó bá pàdé àgbà tó ń toko bọ̀, dídúró ni yóò dúró. Bí àyè bá wà, yóò gbé e. Bí kò bá sí àyè, yóò sọ̀ kalẹ̀ kí i, yóò bi í léèrè ilé. Kì í ṣe òfin ìjọba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rú u kò rí ibi tó máa sá lọ.

Òfin yìí gan-an ni ọkọ̀ Rìnsọ́lá kò fẹ́ pa mọ́.

Olùkọ́ ni Rìnsọ́lá ní ilé-ìwé girama kan ní Emùré. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ló ń gbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà l'Ékòó ló sì fi ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ránṣẹ́ sí i, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ọkọ̀ náà ń sáré bí ẹtu. Ṣùgbọ́n bí Rìnsọ́lá bá ti fẹ́ dúró báyìí, tó yọ ẹsẹ̀ lórí iná, ara ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ara ẹni tí ibà mú, á húkọ́, á sì kú. Bó bá sì ti kú, kó tó tún jí di àdúrà. Ìyá kan ló dúró kí létí oko kòkó lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ kú sí, ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ ṣú sí i.

Ọlálérè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì kì í gbàlejò ní ìdúró. Ó fa àga, ó nù ún, ó bu omi tútù nínú àmù fún un. Ó bi í léèrè bàbá, ó bi í léèrè ìyá, ó bi í léèrè iṣẹ́ àti àwọn ọmọ tó ń kọ́. Nígbà tí yóò fi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì ti tutù. Ó tan ọkọ̀, ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, ó ń mí bí ọmọ tó mu ọmú yó. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fọ̀ ọ́, ó ní ó ti yanjú.

Kò yanjú. Rìnsọ́lá padà wá, Ọlálérè tún fa àga, ó tún bu omi. Lọ́jọ́ yẹn ó tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Nígbà tó tún padà wá, ó pààrọ̀ ohun tó ń fa epo. Lẹ́yìn ìyẹn, wáyà. Gbogbo ìgbà tó bá tan ọkọ̀ náà nínú ọgbà, kò ní ẹ̀sùn kankan lẹ́sẹ̀. Ó sì ń di ẹ̀ẹ̀kan, ó ń di ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí àga ń gùn ju iṣẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ.

"Ọkọ̀ yìí ò ṣàìsàn," ni Bámigbóyè wí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. "Omi àmù wa ló fẹ́ràn."

Rìnsọ́lá a máa bu ẹ̀pà sísè wá láti Emùré. Ọlálérè a máa fi ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa pamọ́ dè é. Orúkọ tó kọ́kọ́ pè é náà ló di orúkọ ìfẹ́; bó bá ti wọlé, "Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́" ni, ẹ̀rín á sì tẹ̀ lé e. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òkè Olósùnta, àpáta ńlá náà sì ti pọ́n bí ẹyin iná. Ọlálérè ń nu ọwọ́ nínú àkísà, ó nù ún títí ó fi kọjá ohun tó yẹ kéèyàn nù.

"Rìnsọ́lá, bí ọkọ̀ yìí bá sàn, ṣé wàá ṣì máa wá?"

"Bí kò bá sàn ńkọ́? Ṣé mẹkáníìkì tí ò mọṣẹ́ ni kí n fẹ́?"

"Ta ló dárúkọ fífẹ́?"

Rìnsọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Bámigbóyè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò wò wọ́n. Ó yí táyà tó ń lẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó ń kọrin sínú ara rẹ̀.

Nítorí pé Ọlálérè kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú sí i lójú ọ̀nà mọ́, ó fún un nímọ̀ràn kan, ìmọ̀ràn ìfẹ́ ni. Ó ní bó bá ti kúrò ní Ìkẹ́rẹ́, kó má dúró, kó má yọ ẹsẹ̀ lórí iná títí yóò fi wọ ọgbà ilé-ìwé, bí yóò bá sì ń bọ̀ kó ṣe bákan náà. Ẹni yòówù kó pè é, kó juwọ́ sí i. Rìnsọ́lá béèrè pé àwọn àgbà ńkọ́. Ọlálérè ní yóò yé àwọn àgbà.

Kò yé wọn.

Ìyá Ọlálérè ń gbé ní Ìṣẹ̀, ìlú tí ọ̀nà Emùré gbà kọjá. Ìbíwùmí lorúkọ rẹ̀, opó ni, iṣu ló fi tọ́ ọmọ. Nígbà tí Ọlálérè mú Rìnsọ́lá lọ kí i, ọmọ náà ká aṣọ sókè, ó bá a bẹ iṣu, ó bá a gún un. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó pè é ní ùyàwó mi. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó di oúnjẹ fún un sínú àwo tánganran tirẹ̀, èyí tí kì í gbé síta fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí wọ́n jọ ń rìn lọ́nà oko tí kò tíì gbọ́ pé ùyàwó òun ń wa ọkọ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń toko bọ̀ lọ́jọ́ kan, oòrùn mú, iṣu wúwo, ó sì rí ọkọ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run lókèèrè. Ó ní kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, ùyàwó òun ló ń bọ̀ yẹn, yóò gbé wọn. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ sétí títì. Wọ́n nu òógùn, wọ́n tún gèlè wé. Ọkọ̀ dé, ó fun fèrè, ọwọ́ kan jù sí wọn lójú fèrèsé, ó sì kọjá lọ. Eruku ló kù.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá wọ ọkọ̀ èrò wá sí Ìkẹ́rẹ́. Kò jókòó, kò sì gba omi. Èyí nìkan ti tó kí Ọlálérè mọ̀ pé ilé ti jó dé àjà.

"Mo ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ ẹrù kalẹ̀," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Wọ́n sọ̀ ọ́. Ṣé o mọ bó ṣe ń rí, kí àwọn àgbàlagbà obìnrin tún máa bá ara wọn gbé uṣu padà sórí, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ títí a fi dé ulé?"

"Màámi, ọkọ̀ náà ò lè dúró ni. Èmi ni mo ní kó má dúró."

"Ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn ló ń sáré báyẹn? Ojú mi ni mo fi rí i. Èéfín nìwà, Ọlálérè. Tọmọ yẹn ti rú. Má bá mi bò ó."

Rìnsọ́lá lọ sí Ìṣẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀. Ìyá dá a lóhùn dáadáa, ó fún un lómi, ó bi í léèrè àwọn òbí rẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ìyá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Tíṣà, ó dàbọ̀ o." Ìyẹn nìkan.

"Kò bú mi," ni Rìnsọ́lá wí fún Ọlálérè nígbà tó padà dé. "Ì bá bú mi, ì bá sàn. Tíṣà ló pè mí. Ìwọ lo ní kí n má dúró, mo gbà fún ọ, mo fi di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú ìyá rẹ. N ò lè wọ ilé tí wọ́n á ti máa fi ìtàn yẹn pa òwe fún ọmọ mi lọ́jọ́ iwájú."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá mọ́. Àga rẹ̀ wà níbi tó wà, eruku ń bà lé e. Ìbẹ́pẹ pọ́n, ó rà. Bámigbóyè gan-an kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, nígbà tí Bámigbóyè kò bá sì ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀rín. Ọlálérè a máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti tán níbẹ̀, ó kàn ń wo ilẹ̀ bóyá bàtà pẹlẹbẹ kan yóò tún wọlé.

Àwo tánganran ló mú un padà wá. Kò bójú mu kí àwo ìyá wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní í ṣe ìyàwó mọ́, kò sì bójú mu kí àwo oúnjẹ padà lófìfo. Nítorí náà Rìnsọ́lá kún un fún ẹ̀pà, ó sì yà wọ ọgbà nígbà tó ń ti Emùré bọ̀, pé kí Ọlálérè bá òun dá a padà. Kò pa ọkọ̀ bó ti máa ń pa á kíákíá tó bá ti wọlé. Kò fẹ́ pẹ́. Ọlálérè fa àga, kò jókòó. Ó bu omi, kò gbà á. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ, kó tó sọ ọ́ tán, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó húkọ́, ó tún húkọ́, ó kú.

Ọlálérè gbé omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń tọ́jú ọkọ̀ yìí, kò tíì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ àìsàn rẹ̀ rí.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru gbá a lójú. Ó rántí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn: pé àwọn ọkọ̀ kan wà tó ń mu díẹ̀ padà nínú èéfín ara wọn bí wọ́n bá ń sáré, kí iná inú ẹ́ńjìnnì má bàa gbóná jù. Fáàfù kan ló ń ṣí ọ̀nà fún èéfín náà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró, fáàfù náà gbọ́dọ̀ pa ẹnu dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èéfín á fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Ó wá a títí ó fi rí i, ohun róbótó kan bí ìdérí agolo, tó fara pamọ́ sẹ́yìn. Ó ki ọmọ ìka sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá kékeré inú rẹ̀ há sókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ìdí sukurudíráfà gbá a pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ọ̀pá náà já wálẹ̀. Ó tan ọkọ̀, ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́.

"Jókòó díẹ̀ ná," ó ní, bí ìṣe rẹ̀.

Rìnsọ́lá kò jókòó. Ó ń wo àga náà, ó wo àmù, ó tún wo ọkọ̀.

"Ọlálérè, àga yìí ni."

"Àga wo?"

"Gbogbo ìgbà tí mo bá dé, o ní kí n jókòó. Ká tó béèrè bàbá, ká béèrè ìyá, ó ti tutù. Bó bá sì ti tutù, kì í ṣe é mọ́. Bí o bá jẹ́ aláìmọ̀kíni ni, ìwọ ì bá ti rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Bámigbóyè fi irin tó fi ń tú táyà sílẹ̀. "Ìkíni ti pa wá," ó ní.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, Rìnsọ́lá rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe sí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ nígbà náà ni kí wọ́n gé agolo mílíìkì, kí wọ́n fi dí ọ̀nà èéfín náà pa. Ọlálérè ti mú agolo lọ́wọ́ nígbà tí Rìnsọ́lá béèrè bóyá dídí náà kò ní bí òmíràn. Ọlálérè ní ó lè máa kan gbọ́n-gbọ́n bó bá ń gun òkè, nítorí iná inú rẹ̀ á gbóná jù.

"Òkè," ni Rìnsọ́lá wí, ó na ọwọ́ sí Olósùnta. "Ní Èkìtì?"

Ọlálérè ju agolo nù. Ó tú fáàfù náà, ó gbé e sínú abọ́ kẹrosíìnì. Ẹ̀yìn ìkòkò tí wọ́n ti ń fi igi dáná láti ọdún mọ́dún kò dúdú tó o. Rìnsọ́lá ká ọwọ́ aṣọ, ó lóṣòó tì í, ó ń fi wáyà tín-ín-rín ha inú ihò rẹ̀ nígbà tí Ọlálérè ń ha ara ọ̀pá. Ọwọ́ wọn dúdú pọ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Nígbà tó mọ́ tán, Ọlálérè fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ nínú rọ́bà tó so mọ́ ọn. Ọ̀pá náà gòkè. Ó yọ ẹnu. Ọ̀pá náà wálẹ̀, kò há mọ́.

"Ọkọ̀ ti sàn," ni Rìnsọ́lá wí, ó ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá rẹ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, lásìkò tí àwọn ará oko ń bọ̀, àwọn méjèèjì jọ gba ọ̀nà Ìṣẹ̀ lọ. Wọ́n rí wọn lókèèrè, àwọn obìnrin náà, ẹrù iṣu lórí, wọ́n tò gba ẹ̀gbẹ́ títì. Kò sí èyí tó sọ ẹrù kalẹ̀ nínú wọn. Wọn kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Rìnsọ́lá yọ ẹsẹ̀ lórí iná. Ọkọ̀ rọra dúró, ẹ́ńjìnnì ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí oyin inú ihò igi. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà títì.

"Ẹ kú oko o, màámi. Ẹ kú oko, ẹ̀yin ìyá mi."

"Tíṣà," ni Ìbíwùmí wí. Ẹrù rẹ̀ kò mì. "Ó lè dúró lónìí nìyẹn."

Ọlálérè kò bẹ̀bẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ìyá òun wá gbọ́ nǹkan. Ó yọ rọ́bà kékeré náà, ó fi ẹnu fà á. Kíá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó húkọ́, ó kú síbẹ̀. Ó tún un tàn, ó fi í sílẹ̀ kó máa kùn. Ó ní báyẹn ló ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ bó bá ti fẹ́ dúró kí ènìyàn. Èéfín ara rẹ̀ ló ń gbé mì.

"Tún un ṣe," ni ìyá wí.

Ó tún un ṣe. Ọkọ̀ tún kú. Àwọn obìnrin yẹn wo ara wọn.

"Màámi, mo fẹ́ sọ ẹyọ kan," ni Ọlálérè wí. "Ọjọ́ tí ọmọ yìí kọ́kọ́ wọ ọgbà mi, abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà. Ẹsẹ̀ mi lásán ló rí, ó kúnlẹ̀ kí i. Ẹni tó kúnlẹ̀ fún ẹsẹ̀ tí kò mọ ẹni tó ni ín, ṣé ẹ̀yin ló máa mọ̀ọ́mọ̀ kọjá?"

Ìbíwùmí tẹjú mọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Ìbíwùmí, ọkọ̀ ti pọ èéfín tirẹ̀. Ìwọ náà, èyí tó o ti ń gbé mì láti ọjọ́ yẹn ò tíì tó?"

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu ìyá, ó gbé e mì. Ó wo ọmọ tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí dúdú inú fáàfù kò tíì tán léèékánná.

"Dìde," ó ní. "Títì gbóná." Ó wá kọjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú lọ́tẹ̀ yìí?"

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, mo ní. Ùyàwó mi ló dúró."

Wọ́n kó iṣu sí bùútù títí ìdí ọkọ̀ fi fẹ́ kan ilẹ̀. Ìbíwùmí jókòó síwájú, ó ní kí Rìnsọ́lá má tíì lọ, kí òun kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń dúró.

Lẹ́yìn ìkórè ọdún náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọkọ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run ti di irin tipẹ́, Bámigbóyè ti lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, ọ̀nà náà sì ti kún fún ọkọ̀ tí kì í dúró kí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà Ọlálérè ní Ìkẹ́rẹ́, bí àlejò bá wọlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí kí wọ́n tó fa àga. Irùngbọ̀n tí kò pinnu nígbà náà ti hù, ó ti funfun. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sì gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, a máa tẹ̀ ba díẹ̀, kó tó gbé abọ́ sílẹ̀.

"Bàbá mi," á ní, "ẹ ti dàgbà tó báyìí. Ẹ lè mú ìkúnlẹ̀ mi jáde."